Ọyẹ́ àti Awọ Ara Bàbá Mi

Ara gbígbẹ wà nínú ìdílé wa bí iwájú gbọọrọ ṣe wà nínú ìdílé àwọn ẹlòmíràn. Bàbá mi ló ni ín, èmi ni mo jogún rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ojúgun mi á funfun, á sì là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà tí oòrùn pa. Àwọn ọmọ tí a jọ ń lọ sí iléèwé a máa fi èékánná kọ orúkọ ara wọn sí mi lẹ́sẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ti họ ọ́ díẹ̀, ó máa ń hàn gedegbe bí ẹfun lára pátákó. Mo máa ń jókòó, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n má bàa lé mi kúrò láàrin wọn.

Òrí ni ìyá mi gbà gbọ́. Á bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ọwọ́ kejì yọ́ ọ, á wá fi pa mí láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ kí n tó wọ aṣọ iléèwé. Òórùn rẹ̀ kò bá mi lára mu, àmọ́ ara mi a máa dán títí di ọ̀sán. Bí ó bá parí tèmi, á na èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí bàbá mi, bàbá mi á sì yẹra. Ó ní ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè kì í para bí ọmọ tuntun. Ìyá mi á fi èyí tó kù pa ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, tí mo di olùkọ́ ní Súrùlérè, mo kọ òrí sílẹ̀. Mo fẹ́ ìpara tó wà nínú ike tó lẹ́wà, tó ń ta sánsán. Obìnrin kan wà ní Yàbá tó ń po kírímù fún àwọn èèyàn. Ó máa ń bù nínú ike yìí, á bù nínú ike tọ̀hún, á fún nǹkan pupa kan sí i, á wá fi ṣíbí rò ó. Ó sọ fún mi pé yóò mú ara mi rọ̀, yóò sì mú un mọ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ara mi dán lóòótọ́, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń bi mí pé kí ni mo ń lò. Nígbà tó yá, awọ ojú mi fẹ́lẹ́, oòrùn kékeré á sì máa jó mi bí ẹni pé mo jókòó ti iná. Mo da ike náà nù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara mi kọ́gbọ́n díẹ̀díẹ̀. Mo rí i pé èyí tó ń ṣàn bí omi máa ń gbẹ kí n tó dé Costain. Èyí tó nípọn ló máa ń bá mi dé alẹ́. Èyí tó bá ń ta sánsán jù, ó máa ń ta mí lára. Mo padà sídìí òrí, mo sì ń fi jẹ́lì funfun tí kò ní òórùn kún un. Mo rò pé mo ti mọ ohun gbogbo tó yẹ kí èèyàn mọ̀ nípa ara gbígbẹ.

Ìyá mi kú, bàbá mi sì wá ń gbé lọ́dọ̀ èmi àti ọkọ mi ní Súrùlérè. Yàrá tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ la fún un, kó lè máa rí àwọn tó ń kọjá. Inú wa dùn sí i. Ó máa ń ka ìwé ìròyìn sókè ketekete, ó sì máa ń bá ọmọbìnrin mi kékeré ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ̀.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e le gan-an. Bí mo bá gbọn aṣọ ibùsùn bàbá mi láàárọ̀, èépá awọ á máa dà sílẹ̀ bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Mo rí ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó nínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tí mo ń fọ̀ ọ́. Bí a bá ń jẹun, mo máa ń gbọ́ tí ó ń fi bàtà ẹsẹ̀ kan họ ojúgun kejì lábẹ́ tábìlì. Ó ra oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sínú omi, ó sì ń fi omi gbígbóná wẹ̀, gbígbóná tó jẹ́ pé ooru rẹ̀ á gba gbogbo ilé ìwẹ̀. Ó fi kànrìnkàn líle gbo ara rẹ̀. Ó ní ìgbà yẹn nìkan ni ara tó ń yún òun máa ń dákẹ́. Mo sọ fún un pé omi gbígbóná yẹn ló ń gbẹ ẹ́ lára. Ó ní kí n lọ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi.

Mo lọ ra ìpara fún un. Nítorí pé mo mọ̀ pé kò ní gba ohun tó bá dà bí tobìnrin, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin ni mo rà, nínú ike dúdú, òórùn rẹ̀ sì le bí ti lọ́fínńdà. Mo gbàgbé ohun tí ara tèmi ti kọ́ mi. Ó fi pa ojúgun rẹ̀ níbi tó ti là, ó sì di ẹsẹ̀ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní ó ń ta òun bí ata, kí n má sì mú ìpara kankan wá bá òun mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a dé ibi tí a ti máa ń yíjú sí ara wa láti kí ara wa ní àlàáfíà. Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo jókòó sí. Ó na ọwọ́ sí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n ti jọ ń jókòó pọ̀ ó ti pẹ́. Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn ọwọ́ náà, bó ṣe funfun tó sì ní ìpẹ́ bí ẹja. Ó mi orí sí bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ sápò. Bàbá mi ká ọwọ́ rẹ̀ padà jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó ti ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó mú àwo kan àti ṣíbí kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ wọ́n, inú yàrá rẹ̀ ló sì ń kó wọn sí. Mo rò pé ìbànújẹ́ ikú ìyá mi ló tún dé bá a. Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ti iléèwé dé, tí ọmọbìnrin mi sáré láti gun orí itan rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, tí bàbá mi sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti dá a dúró. Ọmọ náà dúró, ó ń wo ojú mi. Mo ní kó lọ bọ́ aṣọ iléèwé rẹ̀. Nígbà tó ti wọlé, mo jókòó sórí àpótí níwájú bàbá mi, mo sì bi í pé kí ló dé.

Ojú rẹ̀ wà lọ́nà, níbi tí ọkùnrin kan ti ń ti kẹ̀kẹ́ omi lọ.

"Má jẹ́ kó máa sún mọ́ mi," ó ní. "Ẹ̀tẹ̀ ni."

Ó wá sọ ìtàn kan tí n kò gbọ́ rí fún mi. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé nílé wọn nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan wà, obìnrin, tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, tó máa ń fún un ní ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀. Awọ obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀, ó gbẹ níbì kan, ó funfun níbòmíràn, nígbà tó yá, àwọn ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Wọ́n kọ́ ahéré fún un lẹ́yìn ìlú. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń rán pé kí wọ́n gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì yára padà. Ó ní obìnrin náà máa ń pe òun láti ọ̀ọ́kán, á ní kí òun dúró díẹ̀ kí obìnrin náà lè wo bí òun ti ga tó. Òun kì í dúró. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti fi ọwọ́ sápò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ti ń rí ahéré náà lójú òun.

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ n kò mọ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ba èmi náà. Mo sọ fún un pé, ká tilẹ̀ ní ẹ̀tẹ̀ ni, oògùn rẹ̀ ti wà lóde òní, ó ń lọ pátápátá, wọn kì í lé ẹnikẹ́ni lọ sẹ́yìn ìlú mọ́. Mo sọ fún un pé inú ilé mi níbí ni yóò máa gbé, ohunkóhun tí ì báà jẹ́. Ó ní òun á lọ rí dókítà, bí kò bá ti jẹ́ ilé ìwòsàn tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lọ.

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, a sì lọ sí ilé ìwòsàn kan ní apá Yàbá. Ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì sápò láti inú ọkọ̀ títí a fi jókòó sórí àga gbọọrọ tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Kò fi ẹ̀yìn ti àga. Nígbà tí wọ́n pè wá, ó dìde, ó ní kí n jẹ́ kí òun dá wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ó sì yíjú padà pé kí n máa bọ̀.

Obìnrin ni dókítà náà, kò lè ju ọjọ́ orí àbúrò mi tó kéré jù lọ. Ó dìde, ó kí bàbá mi bí ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lásán kan ojúgun bàbá mi. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rí i tí èjìká bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ibi tó gbẹ yẹn láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹ̀tẹ̀ là ń bẹ̀rù, ó ní ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá mú kì í mọ̀ bí nǹkan bá kàn án, ó sì ní kí bàbá mi di ojú rẹ̀. Ó mú òwú, ó fi kan ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ́, ó ní kó máa sọ ibi tí òwú náà wà. Bàbá mi ń dáhùn bí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò. Orúnkún. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Ọmọńdinrín ẹsẹ̀. Ọwọ́ òsì. Kò ṣì í rárá. Dókítà tẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó yẹ àwọn ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yẹ ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ wò. Ó wá bi í nípa ọṣẹ tó ń lò, omi tó fi ń wẹ̀, àti ohun tó fi ń para. Bàbá mi fi ìgboyà sọ nípa omi gbígbóná, oògùn apakòkòrò àti kànrìnkàn rẹ̀. Ó ní òun kì í para.

"Bàbá," dókítà náà sọ, "kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Awọ yín ló gbẹ. Ó gbẹ gan-an ni, ẹ sì ń bá a gbẹ ẹ́ sí i."

Bàbá mi wò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kò tíì sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀, ó sì fi bo ojú. Èmi wo ògiri, níbi tí wọ́n lẹ àwòrán ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú mọ́, mo ń wò ó títí omi ojú mi fi gbẹ. Mo mọ bí ó ṣe ń ṣe èèyàn bí wọ́n bá sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ẹrù ti kúrò.

Dókítà náà fún wa láyè. Ó ní kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí ìtọ̀ ṣúgà náà lè mú kí ara gbẹ, àmọ́ àyẹ̀wò náà padà fi hàn pé bàbá mi kò ní in. Ó ní bí èèyàn bá ti ń dàgbà, ọ̀rá tó wà nínú awọ máa ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni tàwọn ẹlòmíràn kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ líle á wá fọ èyí tó kù dànù. Ó ní kí bàbá mi máa fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kó má pẹ́ nínú rẹ̀, kó fi oògùn apakòkòrò àti kànrìnkàn sílẹ̀, kó sì fi ọṣẹ tí kò le wẹ ibi tó bá yẹ nìkan. Bó bá wẹ̀ tán, kó fi tówẹ̀lì tẹ omi kúrò lára, kó má nù ún gbẹ. Ìgbà tí ara bá ṣì tutù díẹ̀ ni kó para, nítorí omi tó wà lára yẹn gan-an ni ìpara fẹ́ dé mọ́ ibẹ̀.

Ibi tó ti sọ èyí ni mo ti jókòó dáadáa. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti máa ń nu ara mi gbẹ fínnífínní kí n tó para.

Mo bi í pé irú ìpara wo ni kí a rà. Ó ní èyí tó bá nípọn, tí kò ní òórùn kankan, ìbáà jẹ́ jẹ́lì funfun lásán. Ó kọ orúkọ ìpara kan fún gìgísẹ̀, tó ní yúríà nínú, èròjà tó ń mú awọ líle rọ̀, àmọ́ ó ní kí a má fi kan ibi tó bá ṣì là, torí pé yóò ta á. Ó ní kí a yẹra fún ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá pò níwájú wa tàbí tó bá ṣèlérí pé òun á mú ara mọ́lẹ̀. Ó sì kìlọ̀ fún bàbá mi pé bó bá ti pa ìpara sẹ́sẹ̀ tán, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ kó tó rìn lórí ilẹ̀, kó má bàa yọ̀ ṣubú.

Bàbá mi dá a lóhùn pé òun gbọ́. Ó wá fọwọ́ pa fìlà rẹ̀, ó bi í bí ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ̀ pé, "Òrí ńkọ́?"

Dókítà ní òrí dára púpọ̀, bí wọn kò bá ti fi nǹkan kan lú u.

"Ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀," bàbá mi ní. "Ó sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi lọ."

Nígbà tí a ń padà lọ, ó ní kí a gba Ọ̀yìngbò. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, mo ní èmi á lọ rà á bó bá di ọjọ́ mìíràn, àmọ́ ó ti sọ fún awakọ̀ ibi tí yóò ti já wa sílẹ̀. Ó ń rìn níwájú mi láàrin ọjà, ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò nínú àpò. Ó dúró lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní òrí lóríṣiríṣi, ó bù díẹ̀ nínú èyí tó pọ́n bí ọsàn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi sílẹ̀. Ó bù nínú èyí tó dà bí àwọ̀ eyín erin, ó fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó sì dúró kó rí bí yóò ti ṣe. Obìnrin náà bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ rà á fún. Ó ní ara òun lòun fẹ́ fi pa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wẹ̀, ó lọ́ aṣọ mọ́ ìdí, ó sì jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú omi lẹ́yìn. Ó ní ọwọ́ òun kò dé ẹ̀yìn. Mo yọ́ òrí sí àtẹ́lẹwọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. N kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn bàbá mi báyìí rí. Awọ náà le bí èpo igi, ó sì ń mu òrí bí ilẹ̀ ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀. Mo bù ú lẹ́ẹ̀kan, mo tún bù ú. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyí. Ó wá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá mi, nípa bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì ń gbọ́, mo ń para lọ.

Kì í ṣe pé ohun gbogbo lọ geere láti ibẹ̀. Àìpẹ́ sí i, ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lọ́jọ́ tí ọyẹ́ le, bàbá mi sì jí omi gbígbóná lò nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Ojúgun rẹ̀ tún là. Ó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, ó ní kí n má bá òun jà. Àga ìjókòó wa gba ọ̀rá títí tí mo fi ní láti bò ó, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì kún fún àmì ìka òróró, tó fi jẹ́ pé ọkọ mi kì í fẹ́ kà á lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí òjò àkọ́kọ́ ti máa rọ̀, ojúgun rẹ̀ ti jinná, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀. Ife rẹ̀ ti padà sáàrin àwọn ife yòókù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo ti iléèwé dé lọ́jọ́ kan, mo bá ọmọ mi tó sùn sí i láyà, ìwé ìṣirò ṣí sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin ọjọ́sí kò sí níbẹ̀, wọ́n ní ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Bàbá mi kò tilẹ̀ wá a kiri. Nígbà tó tó àkókò, ó na ọwọ́ sí ẹni tó sún mọ́ ọn, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó yíjú sẹ́yìn, ó bọ èmi náà lọ́wọ́, ó sì jókòó.

Ọyẹ́ mìíràn ti dé báyìí. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn eruku rẹ̀ láàárọ̀, òun ló sì rán mi létí pé òrí ilé ti ń tán. Lánàá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo na ẹsẹ̀. Ó gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó wo gìgísẹ̀ mi fún ìgbà díẹ̀.

"Olùkọ́," ó ní, "ẹsẹ̀ yìí á ya aṣọ ibùsùn ọkọ rẹ."

Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀, àyè ò sí. Ó dìde, ó wọnú ilé, mo sì gbọ́ tó ń ṣí ike òrí. Mo jókòó, mo ń dúró dè é, mo ń dá rẹ́rìn-ín.